Ogójì àti Ìlà Tó Ń Sọ̀kalẹ̀

Ọkọ mi kì í wọ ilé kan kó jókòó kó tó wo ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ojú ló ń tì í, tàbí pé nǹkan rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí omi máa gbà bí wọ́n bá da omi síbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí a lọ wo yàrá tí a kọ́kọ́ gbé, onílé ń ka oore yàrá náà fún wa, fèrèsé rèé, ilẹ̀kùn rèé, ni ọkọ mi bá bu omi nínú ike tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dà á sí àárín ilẹ̀. Onílé pariwo pé, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Omi náà dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó wò, ó wá gba abẹ́ ògiri ẹ̀yìn lọ. Ọkọ mi ní, "Ilé yín ń wo ẹ̀yìn, sà. Bí òjò bá rọ̀, orí ibùsùn wa ló máa wá sùn." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. A ṣáà gbé ibẹ̀, torí kò sí ibòmíràn tí agbára wa ká. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Tèmi da omi síwájú ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tútù tó tẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Iṣẹ́ páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ṣe. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ omi inú ilé o, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ mímọ́ ṣe. Ti omi ìdọ̀tí ni tirẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ yàrà tó jìn ju èèyàn lọ, wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa to páìpù kọnkéré níkọ̀ọ̀kan, títí ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò á fi rọ́nà lọ. Ó máa ń sọ pé gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju gẹ̀rẹ́ lọ. Bí páìpù bá tẹ́jú jù, omi á dúró, á máa rùn. Bó bá sì gẹ̀rẹ́ jù, omi á sáré lọ, á fi ìdọ̀tí sílẹ̀ sẹ́yìn, bí ọkọ tó sá fi ìyàwó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀kan nínú ogójì ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ: bí o bá rin ogójì ẹsẹ̀ bàtà síwájú, kí páìpù fi ẹsẹ̀ bàtà kan rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá ń to ìjókòó níbi òkú, á ní kí wọ́n tò ó ní ọ̀kan nínú ogójì kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè ríran. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ogójì. Èmi nìkan ló kù tó ń pè é ní Bàbá wọn, nítorí àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì, tí wọ́n ti wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn.

Páìpù kọnkéré kì í gé ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí bí òkòtó ni wọ́n fi ń gé e, nínú yàrà tí afẹ́fẹ́ kì í dé, eruku á wá bò wọ́n bí ìyẹ̀fun. Bó bá dé lálẹ́, mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. A máa ń fi ṣeré nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Nígbà tí a dàgbà, ikọ́ ló kù nínú eré náà. Dókítà wo fọ́tò àyà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, eruku yìí ti ń di òkúta nínú ẹ̀dọ̀fóró yín. Mi ò ní oògùn rẹ̀. Ohun tí mo ní kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ẹ jáde kúrò nínú yàrà."

Ó rọrùn láti sọ. Yàrà ló ń bọ́ wa. Níbi iṣẹ́ wọn, ẹni kan ṣoṣo ni kì í wọlẹ̀, alábòójútó ni, ẹni tó ń dúró sókè tó ń na ìka. Kò sì sí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe alábòójútó láìní sátífíkéètì iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀, lẹ́yìn òjò. Ó mọ ìwé kà díẹ̀, ó mọ òfin iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n aljẹ́brà wà níbẹ̀, ìṣirò tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà pe iye tí ojú ò tíì rí. Ẹni tó bá kùnà nínú ẹ̀ kùnà pátápátá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn: sátífíkéètì yẹn ni àkàbà kan ṣoṣo tó lè fi gòkè jáde kí èémí rẹ̀ tó tán.

Ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń gbé àpò rẹ̀ tẹ̀lé e, torí ó ti ń dúró láti mí lójú ọ̀nà. Ilé ìwé àwọn ọmọdé ni, àwọn bàbá onírùngbọ̀n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kéékèèké, orúnkún wọn kan àgbọ̀n wọn. Èmi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àpò. Kíláàsì mẹ́ta ni mo ti kúrò nílé ìwé nígbà èwe mi, àmọ́ etí kì í kọ ọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá kọ́ wọn ló ń ta sí mi náà. Tíṣà wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí àkọ́bí wa fi ọjọ́ orí jù dáadáa, ohùn rẹ̀ kéré, ó sì ní sùúrù bí ẹni tó ń tú òwú tó lọ́. Ẹni tó jókòó ti ọkọ mi ni àbúrò rẹ̀ níbi iṣẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹlẹ́fẹ̀. Kò tíì pẹ́ nínú yàrà, ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí tí wọ́n fi dé orí ìdagẹ̀rẹ́ ìlà. Inú ọkọ mi dùn lọ́jọ́ náà. Ó yíjú wò mí lẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n dárúkọ ìlú rẹ̀ lójú àjò.

Tíṣà fa ìlà kan sára pátákó. Ó ní, "Bí a bá rin ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ìlà yìí gbé wa gòkè ní méjì. Kí ni ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀? Bàbá?"

Ọkọ mi ní, "Ìdajì."

"Ó tì o, Bàbá. Èyí ńkọ́? A rin mẹ́rin ká tó gòkè ní ọ̀kan."

"Ìyẹn rọrùn. Mẹ́rin."

Ẹlẹ́fẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá fún yín ní ṣòkòtò, orí lẹ máa gbà wọ̀ ọ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní, "Ìwọ tó o gba ẹsẹ̀ wọ tìẹ, ibo ló gbé ẹ dé? Àbí kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ mi náà lo jókòó sí?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Òógùn ti bò ó.

Báyìí ni gbogbo rẹ̀ ń dorí kodò. Ìwé tí wọ́n bá dá padà á pupa. Ìlà tó le bí ògiri, á fún un ní iye kékeré; ìlà tó rọra nà bí ẹni sùn, á fún un ní iye ńlá. Nílé, ó da ìwé náà sórí ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyá wọn, gẹ̀rẹ́ ni mo fi ọjọ́ ayé mi jẹ. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ ojú ara mi lọ."

Mo ní, "Tíṣà ò sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá ń pupa?"

Ó ń wúkọ́ bó ṣe ń béèrè, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwé nìkan ló ń bi mí.

Tíṣà ló fúnra rẹ̀ wá ìdí ọ̀rọ̀ náà rí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ tán, ó fa bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó síwájú wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé pátákó. Nínú yàrà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Ọkọ mi ṣàlàyé okùn, igi olómi inú gíláàsì tí wọ́n fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ sí, àti ọ̀kan nínú ogójì. Tíṣà gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ tí ṣọ́ọ̀kì wà bo ẹnu, funfun kù sí i létè.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ìbéèrè tẹ́ ẹ̀ ń dáhùn kọ́ ni mò ń bi yín. Ẹ̀yin ń sọ bí èèyàn ṣe máa rìn jìnnà tó kó tó rẹlẹ̀ ní ọ̀kan. Èmi ń béèrè bó ṣe máa rẹlẹ̀ tó bó bá rin ọ̀kan."

"Kí wá ni ìyàtọ̀ ńbẹ̀?"

"Ọ̀kan nínú ogójì àti ọ̀kan nínú ogún, èwo ló gẹ̀rẹ́ jù?"

"Ogún ni. Ogójì rọra."

"Ẹ ò rí i? Lọ́dọ̀ yín, bí iye bá ṣe ń tóbi ni gẹ̀rẹ́ ń dínkù. Lọ́dọ̀ tèmi, bí iye bá tóbi, gẹ̀rẹ́ le nìyẹn. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ńkọ́? Ọ̀kan nínú mélòó nìyẹn?"

Ọkọ mi ní, "Kò níye. Èèyàn á rìn títí ayé, kò ní rẹlẹ̀."

"Tèmi níye. Òdo ni. Ẹ rin ọ̀kan, kò sóhun tó ṣe yín. Ẹ rin ẹgbẹ̀rún, kò sóhun tó ṣe yín. Ohun tí ìdagẹ̀rẹ́ ń sọ ò jù báyìí lọ, Bàbá: ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, kí ló ń ṣe sí yín? Ṣé ó ń gbé yín sókè ni àbí ó ń sọ̀ yín kalẹ̀, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó? Lórí ìlà tó gún, ibi yòówù kẹ́ ẹ dúró sí, ohun kan náà ni ìgbésẹ̀ máa ṣe sí yín. Kò kan bí ìlà ṣe ga. Ìlà lè wà lókè téńté kó máa bọ̀ nílẹ̀. Ẹ má wo ibi tó wà. Ẹ wo bó ṣe ń lọ."

Ọkọ mi pa ìwé rẹ̀ dé. Ó wá ní, "Ọmọ yìí, o ṣeun." Kò pè é ní Tíṣà.

Lójú ọ̀nà ilé, kò tilẹ̀ rántí láti dúró kó mí. Gbogbo ohun tí a kọjá ló ń kà sí mi létí: àtẹ̀gùn ilé ìfowópamọ́, òrùlé ilé ìtajà, ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbà gun ojú títì. "Wo èyí, Ìyá wọn. Ìgbésẹ̀ kan, kí ló ṣe sí mi?" Mo ní, "Ó mú yín sọ̀rọ̀ jù." Ó rẹ́rìn-ín. Ìwé tó gbà lẹ́yìn ìyẹn kò ní pupa kankan. Ó fi han ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fi han Ẹlẹ́fẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ ni mo gbà wọ̀ ọ́ lónìí." Ẹlẹ́fẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ kíláàsì, gbogbo aṣọ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀kì. Bí mo bá fẹ́ rántí ọkọ mi báyìí, ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo máa ń lọ.

Nígbà tí oṣù pé, a lọ sí ọsibítù. Oṣooṣù ni wọ́n ń ní kó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ á sọ iye tí èémí rẹ̀ jẹ́, nọ́ọ̀sì á sì fi bírò kan àmì sórí káàdì onílà kéékèèké. Ìlà pupa kan wà nísàlẹ̀ káàdì. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tó bá kàn án kò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́, orí ibùsùn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú àgbá ló kù fún un. Oṣooṣù náà ni nọ́ọ̀sì máa ń sọ ohun kan náà fún wa, torí ọmọ onínúure ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣì ga ju pupa lọ dáadáa. Ibi tẹ́ ẹ wà rèé, ibi tó wà rèé. Àlàfo pọ̀ láàárín."

Tẹ́lẹ̀, ọkọ mi á ní, "A dúpẹ́," á gbé fìlà rẹ̀, ó di ilé. Lọ́jọ́ yìí ó na ọwọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní káàdì náà. Ó wò ó. Ó wá ní, "Ìyá wọn, fún mi ní ooya rẹ."

Mo yọ ooya nínú àpò mi. Ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé orí àwọn àmì náà. Wọ́n tò sí etí ooya bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka rìn: ilé kan, ìyẹn oṣù kan, sọ́wọ́ ọ̀tún, ó sọ̀kalẹ̀, ilé kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó sọ̀kalẹ̀ ní iye kan náà. Kò kánjú. Èmi tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú àpò, mo ti mọ ohun tó ń ṣe kó tó dé ìdí rẹ̀, mo fẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ìka náà kan pupa.

"Ọmọ mi, oṣù wo nibí yìí?"

Nọ́ọ̀sì dárúkọ oṣù náà. Òjò kì í tíì dá lóṣù yẹn.

Ó ní, "Ìdánwò wa ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ní, "Áà, Bàbá! A kì í fi ooya ka ọjọ́ ọ̀la o."

"O ò purọ́ fún mi, ọmọ mi. Lóòótọ́ ni mo wà lókè. Ibi tí mo wà lo ń wò." Ó dá káàdì padà fún un, ó dá ooya padà fún mi. Irun funfun kan wà lára ooya náà, ó rọra yọ ọ́ kúrò kó tó fún mi.

Mi ò gbà. Mo lọ bá Tíṣà láìsọ fún un. Mo ní, "Tíṣà, ṣé dandan ni kí ìlà gún?" Ó ní, "Rárá, Mà. Èyí tó gún ni mo fi kọ́ wọn torí òun ló rọrùn. Ti ara èèyàn máa ń tẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Mo gbàdúrà kí ìlà náà tẹ̀. Mo gbà á ní ààrọ̀, mo gbà á nídìí àdógán, mo gbà á lórí ìdúró. Oṣù tún pé, a lọ, ó fẹ́ èémí, nọ́ọ̀sì kan àmì, kò sì sọ pé àlàfo pọ̀. Mo fi ooya lé e fúnra mi. Ìlà ti tẹ̀ lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ló tẹ̀ sí. Mi ò rántí sọ ìhà tí mo fẹ́ nínú àdúrà mi.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi kíláàsì náà sílẹ̀. Mo ní kó máa lọ, ó kéré tán kó lè rí àwọn èèyàn. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ kọ́ níbẹ̀, mo ti kọ́ ọ." Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Ẹ̀yìn ilé wa níbí ní ibi tí omi ìfọṣọ máa ń dúró sí, tó ń hu ewé, tí ẹ̀fọn ń bímọ sí. Láti ọdún tí a ti dé ló ti ń sọ pé òun máa fa omi náà lọ sí gọ́tà ojú títì. Ẹni tó ń tún ti gbogbo ìlú ṣe, tirẹ̀ ló ń dúró. Ó wá ní òun fẹ́ ṣe é báyìí. Ó jókòó sórí àpótí, ó mú orí okùn kan, èmi mú orí kejì. Èmi ń fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ, òun ń fi ojú wọ̀n ọ́n. "Gbé e sókè. Díẹ̀ sí i. Ó tó." Bí a bá ti gbẹ́ díẹ̀, á ní kí n da omi síbẹ̀, a óò jọ máa wò ó bó ṣe ń lọ. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá wọn, mélòó nìyí, ṣé ogójì ni, àbí ìdá ogójì?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò tètè tán. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ náà dúró. Ibi tó kù kí ó tó kan gọ́tà kò ju ibi tí ewúrẹ́ lè fò lọ.

Oṣù tí ooya sọ kò tilẹ̀ tíì pé tí wọ́n fi gbé àgbá afẹ́fẹ́ wá sílé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Ẹlẹ́fẹ̀ gba ọ̀dọ̀ wa bó ṣe jáde, yíǹkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe.

Ọkọ mi ní, "Jókòó. Ṣé wọ́n béèrè rẹ̀?"

"Wọ́n béèrè rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ó rin márùn-ún, ó rẹlẹ̀ ní mẹ́ta."

"Kí lo kọ?"

"Mẹ́ta lórí márùn-ún."

Ọkọ mi fa afẹ́fẹ́. "Ó ń sọ̀kalẹ̀, o ní. Àmì ìyọkúrò ńkọ́? Ṣé o fi síwájú ẹ̀?"

Ẹlẹ́fẹ̀ fọwọ́ bo ojú. "Mo fi sí i, Ẹ̀gbọ́n. Mo rántí yín, mo sì fi sí i."

"Ó tọ́," ni ọkọ mi wí. "Ó tọ́." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó kú, ní ọ̀sán gangan, tí mo ń sá aṣọ.

Ẹlẹ́fẹ̀ yege. Òun ló ń dúró sókè báyìí, ó wọ bàtà tó mọ́, ó ń na ìka. Inú mi dùn sí i, irọ́ kọ́. Ní oṣù tó kọjá ó wá kí mi, ó rí ẹ̀yìn ilé, ó ní, "Ìyàwó wa, àbùkù mi nìyí! Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n ò lè dúró báyìí." Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó wọ inú ibi tí a gbẹ́ sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na okùn. Mo lọ bu omi tó máa fi wò ó. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ikọ́ ni. Kì í ṣe ti òtútù. Èyí tó gbẹ, tó ń họ nǹkan nísàlẹ̀, tí kì í rí i họ kúrò. Mo ti sùn ti ikọ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò lè ṣì í mọ̀.

Mo sọ korobá kalẹ̀. Mo ní, "Jáde níbẹ̀."

Ó ní, "Ó kù díẹ̀, ìyàwó wa. Ẹ̀rù ń bà yín ni? Mo ti di ará òkè."

"Mo ní kó o jáde. Ṣé wọ́n ń ní kó o fẹ́ èémí sí ẹ̀rọ?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti ń ní kí òun fẹ́ ẹ. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé òun ṣì ga dáadáa.

Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà mọ aljẹ́brà. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí mi, ó lọ. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kejì. Omi ìfọṣọ wa gba ojú ibi tí ọkọ mi là lọ, ó ń lọ jẹ́ẹ́, ó ń lọ dáadáa, títí tó fi dé ibi tí a dúró sí. Ibẹ̀ ló wà di bí mo ṣe ń kọ èyí.